Sùúrù Lérè, Ṣùgbọ́n Ta Ni Ó Ń Jẹ Èrè Náà?

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ojoojúmọ́ ni à ń gbọ́ ọ nílé, níbi iṣẹ́, àti ní mọ́ṣáláṣí. Ọmọ tó ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹta tí kò rí ilé ìwé wọ̀, "ṣe sùúrù" ni a ó wí fún un. Ọmọ iṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́fà lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní ọjà Ládìípọ̀, tí ọ̀gá kò tíì sọ̀rọ̀ òmìnira, "ṣe sùúrù." Ẹni tí wọ́n fo orúkọ rẹ̀ nígbà tí àwọn tó bá a lẹ́nu iṣẹ́ ń gba ìgbéga, "sùúrù ni baba ìwà." A kò sọ pé ìmọ̀ràn burúkú ni. Àdúgbò tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé, orúkọ rẹ̀ gan-an ni Sùúrùlérè. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń bi wá lẹ́yìn ìpàdé, tí ìdáhùn rẹ̀ kì í tètè yá wa lẹ́nu: bí sùúrù bá lérè lóòótọ́, ta ni ó ń jẹ èrè náà? Ṣé ẹni tó ṣe sùúrù ni, àbí ẹlòmíràn?

Sùúrùlérè yìí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1955, nígbà tí òyìnbó ṣì ń ṣèjọba lé wa lórí, ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní LEDB gbé ètò kan kalẹ̀ láti wó ilé ní àárín gbùngbùn Èkó. Wọ́n ní àwọn ilé náà há jù, wọ́n ní kò mọ́, àrùn sì lè ti ibẹ̀ wá. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ni wọ́n kó wá sí ilé tí ìjọba kọ́ sí Sùúrùlérè. Ilé náà dára ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń pàtẹ ọjà síwájú ilé ní Èkó kò rí oníbàárà rẹ̀ kó wá. Ẹbí tó ń gbé agboolé kan náà, tí ẹnì kan bá ń ṣàìsàn tí ẹlòmíràn á gbé àwo ọbẹ̀ tọ̀ ọ́ wá, tú ká. Owó ọkọ̀ wọ inú ìnáwó tí kò sí tẹ́lẹ̀. Peter Marris, òyìnbó kan tó wá ṣèwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, kọ nípa ìnira yìí nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1961.

Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nítòsí wa lójú ọ̀pọ̀ nínú yín. Ọjà Tẹ́júoṣó ní Yábàá jóná ní ọdún 2007. Ó di ọdún 2014 kí wọ́n tó ṣí èyí tí wọ́n tún kọ́. Ilé alárà ni, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń fúnra rẹ̀ gbé èèyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà níbẹ̀ kí iná tó sọ ni wọ́n figbe ta pé owó ṣọ́ọ̀bù tuntun náà ju agbára àwọn lọ. Àwọn wọ̀nyí náà ṣe sùúrù. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣe é.

Ohun tí a rí fà yọ nínú ìtàn méjèèjì nìyí: bí ẹni tó ni agbára bá ń sọ fún ẹni tí kò ní pé kó ṣe sùúrù, ó yẹ kí a kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn kì í ṣe sùúrù ni ó ń wí, ó ń ní kí èèyàn panu mọ́ ni. Ọ̀gá tó ti yẹ kó dá ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún méjì sẹ́yìn kò ní ẹ̀tọ́ láti wàásù sùúrù fún un. Kí ó dá ọmọ sílẹ̀ ná. A sọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ohun tí a fẹ́ sọ lẹ́yìn èyí ni pé kí ọ̀dọ́ káwọ́ gbera.

Ẹni tí a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni. Ọmọ kékeré tí kò mọ̀ pé èèyàn ni ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ pàápàá ti gbọ́ ọ lẹ́nu kọ̀ńdọ́kítọ̀. Ọjọ́ 23 oṣù Júláì ọdún 1929 ni wọ́n bí i ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó ní Èkó, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ará Òmù-Àrán. Iṣẹ́ akọ̀ròyìn ni ó fi bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, ní ọdún 1949, ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Daily Service. Ní 1953 ó bọ́ sí Nigerian Tribune. Ní 1956 ó di olóòtú àgbà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n sì ni.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n yẹn tàn yín. Àwọn kan nínú wa yóò gbọ́ ọ, wọn yóò ní, "Ẹ ò rí i, oríire rẹ̀ tètè dé." Ọdún méje ni ó ti fi kọ ìròyìn kí ó tó kan ipò. Láti ìgbà tó sì ti di olóòtú àgbà títí di ìgbà tó di gómìnà, ọdún mẹ́tàlélógún gbáko ni. Ẹni àádọ́ta ọdún ni kí wọ́n tó búra fún un. Láàárín ìgbà yẹn, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀.

Ní ọdún 1962, wọ́n mú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, wọ́n ní wọ́n fẹ́ dojú ìjọba dé. Jákàńdè wà lára wọn. Ní 1963 ilé ẹjọ́ rán wọn lẹ́wọ̀n, ọdún 1966 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí ológun ti gbàjọba. Ọdún tó jáde yẹn náà ni ìwé tó kọ lórí ẹjọ́ Awólọ́wọ̀ jáde. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí gègé rẹ̀ ní Tribune, ó wà níbẹ̀ títí di ọdún 1975, kí ó tó lọ dá ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Ànábì Yúsúfù, kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Nígbà tí a bá ń sọ ọ́, orí ìtẹ́ tó gùn nígbẹ̀yìn ni a máa ń sáré lọ. A kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró sórí ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ jáde lẹ́wọ̀n, tí Yúsúfù bẹ̀ pé kó rántí òun lọ́dọ̀ olúwa rẹ̀, tí onítọ̀hún sì gbàgbé. Ọdún gorí ọdún lẹ́yìn ìyẹn. Kí ni ó ń ṣe níbẹ̀? Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe náà ni ó ń ṣe fún àwọn tí wọ́n jọ wà níbẹ̀: ó ń túmọ̀ àlá, ó ń sọ òtítọ́ fún wọn. Iṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n sì rántí nígbà tí ọba lá àlá tí kò yé ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé ó pa iṣẹ́ tì títí di ọjọ́ tí wọn yóò tú u sílẹ̀, kò bá má sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò rántí. Èyí ni a gbà pé sùúrù túmọ̀ sí. Kì í ṣe ìdúró lásán. Iṣẹ́ ni, níbi tí a kò fẹ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Jákàńdè. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Ọkitóbà ọdún 1979 ni ó gorí àléfà lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Ohun tó bá nílẹ̀ ni pé yàrá ìkàwé kò tó, débi pé àwọn ọmọ kan ń lọ sílé ìwé láàárọ̀, àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án. Ó fòpin sí ètò yẹn, ó sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, ó sì kọ́ yàrá ìkàwé wọ̀ǹtìwọnti káàkiri. Àwọn ilé náà kò lẹ́wà. Àwọn alátakò rẹ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ilé adìyẹ ni. Inú "ilé adìyẹ" yẹn ni ọ̀pọ̀ òbí àwọn tó ń ka ìwé yìí ti kọ́ A, B, D. Ó kọ́ ilé fún àwọn tí kò rí jájẹ, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sì bẹ̀rẹ̀ lásìkò rẹ̀ ní 1983. Gbogbo àkókò yìí, ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ Múṣin níbí ni ó ń gbé, mọ́tò tirẹ̀ ni ó sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ilé yẹn ṣe pàtàkì, ẹ fi í sọ́kàn.

Ní ọdún 1983 kan náà, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó tóbi jù lọ, ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa kó èrò láti Mainland lọ sí Erékùṣù Èkó. Ẹni tó bá mọ sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ojúẹlẹ́gba ní agogo méje àárọ̀ yóò mọ ìdí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún náà, ológun gbàjọba. Wọ́n kó àwọn gómìnà sí àhámọ́, òun náà wà nínú wọn. Ní 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin náà pátápátá. Wọ́n ní owó rẹ̀ pọ̀ jù. Àdéhùn tí wọ́n yẹ̀ náà kò lọ lọ́fẹ̀ẹ́ o: owó tí Èkó fi ṣòfò níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là, kò sì sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí a rí fún un.

Nínú òdodo, ó yẹ kí a gbọ́ ti ẹnu ẹnì kejì. Lásìkò yẹn owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀, gbèsè sì ti wọ orílẹ̀-èdè lọ́rùn. Ẹni tó bá ń ṣọ́ àpò ìjọba lè sọ pé kí a dá ọwọ́ ìnáwó ńlá dúró. Èyí kò burú láti sọ. Ohun tí kò yé wa ni bí wọ́n ṣe máa san owó ìtanràn tó tó bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ má baà wáyé, nígbà tó jẹ́ pé àwọn èrò tí ọkọ̀ náà fẹ́ kó kò lọ sí ibì kankan. Wọ́n wà ní ibùdókọ̀. Wọ́n tún bí sí i.

Jákàńdè wà láyé fún ọdún mẹ́rìndínlógójì lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé iṣẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù Fẹ́búárì ọdún 2021 ni ó jáde láyé, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ní oṣù Sẹ̀tẹ́ḿbà 2023, ọkọ̀ ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Mile 2 lọ sí Marina. Ní oṣù Ọkitóbà 2024, Red Line bẹ̀rẹ̀ láti Àgbàdo sí Ọ̀yìngbò, ó sì ń dúró ní Múṣin àti ní Yábàá wa níbí. Láti 1983 sí 2024, ẹ ṣírò rẹ̀, ọdún mọ́kànlélógójì ni. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ti bí ọmọ tó lè dá wọ ọkọ̀ náà.

Ta ni ó wá jẹ èrè sùúrù? Kì í ṣe òun. Kò wọ ọkọ̀ yẹn rí. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí kí ó lè gé rìbọ́nù rẹ̀ ni ó ṣe ronú rẹ̀, a lè sọ láìṣàbòsí pé ó pàdánù. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ilé Ìlúpéjú ti wọlé. Ẹni tí kò kó wọ ilé ìjọba, ta ni yóò lé e jáde? Nígbà tí ológun gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ipò náà ni wọ́n gbà. Ilé tó ń gbé kí ó tó di gómìnà náà ni ó padà sí. Ẹni tí ipò bá ti di ilé rẹ̀, tó ti di ọkọ̀ rẹ̀, tó ti di orúkọ tí ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ ládùúgbò, ọjọ́ tí ipò bá lọ, onítọ̀hún ti di aláìnílé. A máa ń rí wọn, àwọn tó ti ṣe alága rí, tí wọn kò lè jókòó sẹ́yìn níbi ìpàdé mọ́.

A kò fẹ́ sọ apá kan ìtàn kí a wá gbé apá kejì pamọ́, nítorí ìgbésí ayé èèyàn kì í ṣe oríkì. Ní ọdún 1993, lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé ìbò June 12 tí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá jáwé olúborí nínú rẹ̀, Ọ̀gágun Sani Abacha gbàjọba ní oṣù Nòfẹ́ḿbà. Jákàńdè gba ipò mínísítà fún iṣẹ́ òde àti ilé gbígbé. Àwọn kan ṣì ń jiyàn títí di òní pé ẹ̀mí rere ni wọ́n fi lọ níbẹ̀rẹ̀, pé wọ́n rò pé ìjọba náà yóò dá ẹ̀tọ́ padà fún ẹni tó ni ín. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti Abíọ́lá mọ́lé ní 1994, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú òṣèlú ní kí ó jáde, kò jáde. Ọdún 1995 ni ipò náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń tẹ̀lé e láti ọjọ́ pípẹ́ ni kò tẹ̀lé e mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Èrò tiwa ni pé kò yẹ kí ó dúró. A kò rò pé ojúkòkòrò owó ni ó dá a dúró, ẹni tí kò jẹun nídìí gómìnà kì í ṣe nídìí mínísítà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí a rí síbẹ̀ le ju ojúkòkòrò lọ, nítorí pé ó jọ ìwà rere. Ọkùnrin tó fẹ́ràn kí ó máa kọ́lé fún mẹ̀kúnnù, tí wọ́n ti já iṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ rí, tún rí ẹni tó gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Kò wo ojú ẹni tó gbé e fún un. Ìfẹ́ láti parí iṣẹ́ lè mú èèyàn dé ibi tí ìfẹ́ owó kò lè mú un dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, tàbí tí ẹ ní ètò rere tí ẹ fẹ́ ṣe fún àdúgbò, ẹ ó bá irú rẹ̀ pàdé. Olóṣèlú kan yóò ní òun yóò fún yín lówó láti parí kíláàsì tí ẹ ń kọ́, ohun tó sì fẹ́ gbà ní pàṣípààrọ̀ kò ní í farahàn lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí sùúrù ti ṣòro jù nìyẹn, ju ẹ̀wọ̀n lọ. Ní ẹ̀wọ̀n, ìlẹ̀kùn tì. Níbí, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, àwa fúnra wa ni a ó sọ pé a kò wọlé.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí a yẹ̀ wò, pé ṣé píparí náà ni òpin ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dé Sùúrùlérè yóò rí pápá ìṣeré méjì tó kọjú síra wọn. Ọ̀kan ni èyí tó ń jẹ́ orúkọ Teslim Balógun, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Èkó tí wọ́n ń pè ní Thunder, tó wà nínú àwọn tó lọ gbá bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tó sì padà lọ gbá fún Queens Park Rangers. Ọdún 1972 ni ó kú. Ọdún 1984 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ pápá náà, nígbà tí Mudashiru ń ṣe gómìnà ológun. Ó lọ tán, wọ́n pa iṣẹ́ tì, òjò ń pa á, ó di ọdún 2007 kí wọ́n tó parí rẹ̀. Èkejì ni pápá ìṣeré ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n kọ́ parí fún ìdíje eré ìdárayá gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà ti ọdún 1973. Níbẹ̀ ni Nàìjíríà ti na Algeria ní àmì ayò mẹ́ta sí òdo ní 1980, tí a fi gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Èyí tí wọ́n tètè parí yìí ni kò sẹ́ni tó tọ́jú rẹ̀, koríko hù, ìjókòó fọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sí eré ńlá níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún ni ó wá ń gba àwọn agbábọ́ọ̀lù lálejò. Nítorí náà ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kò lè parí rẹ̀ nìkan, ẹni tó parí náà kò lè pa á mọ́ nìkan. Ọwọ́ kan ń gbé e lé ọwọ́ mìíràn ni.

Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, ìwà tí a ń wá lára aṣáájú kì í ṣe ti ìgbà tó wà lórí àga nìkan. Kí ni ó ń ṣe sí fáìlì ẹni tó kúrò níbẹ̀? A máa ń bú ológun pé wọ́n fagi lé iṣẹ́ àwọn alágbádá. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹgbẹ́ tiwa. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tuntun bá gorí oyè, ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n yí orúkọ ètò ọdún tó kọjá padà, kí wọ́n tẹ lẹ́tà tuntun, kí wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé há ẹlòmíràn lọ́wọ́. Akọ̀wé àtijọ́ náà, tí inú ń bí nítorí pé kò wọlé ìbò, kó ìwé ẹgbẹ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé. Àwọn méjèèjì ni yóò sì máa gbàdúrà kí Ọlọ́hun fún Nàìjíríà ní aṣáájú rere.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan wà ní Múṣin tí a mọ̀, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, lọ́fẹ̀ẹ́. Alága mẹ́rin ti jẹ láti ìgbà tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fọwọ́ sí: alága tó bá ń lọ gbọ́dọ̀ jókòó ti èyí tó ń bọ̀ fún Sátidé mẹ́ta, kí ó fi ìwé orúkọ àwọn ọmọ hàn án, kí ó sọ èyí tí ìṣirò ń dà láàmú àti èyí tí kò jẹun wá. Ẹni tó dá ètò náà sílẹ̀ kò rí iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tó jáde ní yunifásítì, àkókò ìjókòó yẹn ni ó fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ó ti kó lọ sí Ìkòròdú báyìí. Àwọn tó ń kàwé níbẹ̀ lónìí kò mọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n pátákó tó kàn mọ́ ara ògiri ni wọ́n ṣì ń kọ̀wé sí.